Ta ló ní ẹni tí òòyì ń kọ́ ò lè dé igbó Lekki?

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí fúnra wa. Kí wọ́n ṣáà ti dárúkọ Lekki Conservation Centre báyìí, igbó tí wọ́n dá sí ní Lekki, tó ní afárá tí wọ́n fi okùn so kọ́ sókè láàárín igi, pàápàá tí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ ṣètò ìgbafẹ́ lọ sí Èkó, ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni "há à, mi ò lè gun afárá yẹn o, òòyì ń kọ́ mi", ẹlòmíì á ní orúnkún òun ò gbé e, àwọn ọmọ á wá kọjú sí ìyá wọn pé "Màámi, ẹ jókòó yín sílé jàre, ibẹ̀ ò dáa fún ẹ̀jẹ̀ ríru." Bá a ṣe ń fi àwọn àgbà sílé nìyẹn o, torí fídíò TikTok tẹ́nì kan ti ń ké "Jésù gbà mí" lórí okùn.

Afárá yẹn kọ́ ni igbó náà. Ọ̀rọ̀ ò jù báyẹn lọ.

Ẹ gbọ́, ọdún 1990 ni wọ́n dá ibẹ̀ sílẹ̀, àjọ tó ń dáàbò bo igbó àti ẹranko, Nigerian Conservation Foundation (NCF), ló ń bójú tó o. Afárá táyé ń pariwo, 2015 ni wọ́n tó ṣí i. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Fún ọdún márùndínlọ́gbọ̀n làwọn èèyàn ti ń lọ síbẹ̀, tí wọ́n ń wo ọ̀bọ, tí wọ́n ń gba atẹ́gùn, tí wọ́n ń padà sílé, kò sì sí afárá kankan níbẹ̀. Kí ni wọ́n wá ń rìn lórí ẹ̀? Pákó ni. Wọ́n fi pákó ṣe ọ̀nà sórí àbàtà, kò ga sílẹ̀ púpọ̀, ọ̀nà yẹn lèèyàn máa tọ̀ wọnú igbó tá á sì tún gbé e jáde. Afárá ní owó tiẹ̀ lọ́tọ̀, téèyàn ò bá sanwó ẹ̀ kò sẹ́ni tó máa tì í gùn ún.

Mi ò sọ pé afárá ọ̀hún ò tó bẹ̀rù o. Mítà 401 ni gígùn ẹ̀, ibi tó ga jù níbẹ̀ lé ní 20 mítà sílẹ̀, ó sì máa ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀, kì í ṣe ọ̀lẹ lẹni tó bá lóun ò gùn ún.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ilẹ̀ ńkọ́? Àárín ọ̀sà àti òkun ni Lekki wà, iyanrìn àti àbàtà ni, ilẹ̀ ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ibo ni òkè ti fẹ́ wá? Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín gan-an ni pé ọmọ Ìbàdàn ló ń sọ pé orúnkún òun ò gbé e! Ẹni tó ń fẹsẹ̀ gun Òkè Màpó lọ Ọjà'ba pẹ̀lú ẹrù lórí, ẹni tí wọ́n ti mú gun Láyípo nígbà tó wà ní pámárì, àtẹ̀gùn tó ń yí po yí po táwọn Òyìnbó kọ́ sórí Òkè Àrẹ̀mọ ní 1936 yẹn, òun ló wá ń bẹ̀rù pákó Lekki. Igbó ọ̀hún ò sì tóbi táwọn àgbà fi máa sọnù sínú ẹ̀, 78 hẹ́kítà ni gbogbo ẹ̀, igbó tó wà nínú IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn níbí, jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́rin.

Ẹni tó bá rọra rìn ló máa rí nǹkan níbẹ̀. Omi abẹ́ pákó yẹn dúdú, àwọn kan máa ń yínmú sí i pé omi gọ́tà ni, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá, ewé tó ń já bọ́ sínú ẹ̀ ló ń pa á láró, bí omi gbígbóná ṣe ń dúdú téèyàn bá ju ewé tíì sí i. Igi ògùrọ̀ tí wọ́n ń dá ẹmu lára ẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀bọ mona sì wà, ẹ wo ìdí ìrù wọn dáadáa, àmì funfun roboto méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì. Tó bá rí èso, kì í dúró jẹ ẹ́ lójú kan, á kó o sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi wú, á wá sá lọ sórí igi lọ máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣí bisikíìtì lójú wọn o, tí wọ́n bá gbọ́ ìró náílọ̀n báyìí, ó ti di tiwọn nìyẹn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń múra láti béèrè ejò. Igbó ni, ejò á wà. Àmọ́ ejò ò ní etí síta, ilẹ̀ tó ń mì ló fi ń mọ̀ pé èèyàn ń bọ̀, ó sì sábà máa ń yà kúrò lọ́nà kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ẹ ṣáà má sọ̀ kalẹ̀ lórí pákó. Ibi tí ejò ti ń yọ wọ́n lẹ́nu jù ní Nàìjíríà, oko àti ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè Ọya ni, ní ìhà Gombe àti Plateau, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọsibítù Kaltungo ló gbajúmọ̀ fún ìtọ́jú ẹ̀.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún ni òjò, torí pákó tutù máa ń yọ̀, kí Màámi má wọ sálúbàtà tí abẹ́ ẹ̀ ti dán. Ẹ̀fọn wà, kẹ́ ẹ fi ìpara tó ń lé e para. Ooru ibẹ̀ sì yàtọ̀ sí tiwa, ó máa ń mú èèyàn làágùn gan-an, ẹ gbé omi dání.

Sún kẹrẹ fà kẹrẹ ojú títì Lekki ló máa rẹ̀ yín ju igbó lọ, òótọ́ nìyẹn. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mọ́níyà títí dé Ebute Metta tẹ́ ẹ bá lè jí, kẹ́ ẹ tètè kúrò níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé igbó nìkan lẹ fẹ́ wọ̀, ẹ ò gun afárá. Kí àwọn ọmọ tó bá wù lọ máa pariwo lókè, kí Màámi máa wo ìjàpá nísàlẹ̀.