Ahmed àbí Baerveldt? Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ o

Ahmed àti Baerveldt ni ọ̀pá kéékèèké tí dókítà máa ń fi sínú ojú ẹni tó ní glaucoma, àìsàn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́, kí omi inú ojú lè máa jáde, kí ìfúnpá ẹ̀ sì wálẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pín in kiri pé Ahmed ló dáa jù fún glaucoma torí ó ní fáàfù (ohun tó ń ṣàkóso bí omi ṣe ń jáde), pé Baerveldt ti di ayé àtijọ́, ẹ rọra o. Lóòótọ́ Ahmed ní fáàfù, kíá ni ìfúnpá ojú máa ń wálẹ̀ tí wọ́n bá ti fi sí i. Baerveldt ò ní, okùn ni dókítà fi ń so ọ̀pá ẹ̀ pa kí omi inú ojú má baà ya jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí okùn yẹn tó tú, aláìsàn á ṣì máa kán oògùn sójú títí dìgbà yẹn. Àmọ́ nínú ìwádìí ABC tí wọ́n fi wọ́n wéra, lẹ́yìn ọdún 5, Baerveldt gbé ìfúnpá ojú wálẹ̀ dé 12.7 mmHg (ohun tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá), Ahmed 14.7. Wàhálà Baerveldt ni pé ó lè lọ sílẹ̀ jù, ìyẹn náà sì ń ba ojú jẹ́. Èyí tó wá bí mi nínú jù ni "o ò ní kán oògùn mọ́, wàá tún máa ríran bíi tẹ́lẹ̀". Irọ́ gbuu! Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń kán oògùn lẹ́yìn ẹ̀, ìríran tí glaucoma bá sì ti gbà lọ kì í padà, èyí tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ń dáàbò bò.