Èsì wa sí oníbàárà tó béèrè ìdí tí a fi yí ọkọ̀ ojú omi wa padà sílé láàárín ọ̀nà

Ẹ kú ìrìn, ẹ sì kú ìnáwó. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ tinú yín síta. Ẹ ní a ṣẹ́rí padà kí a tó dé ṣóńṣó ilẹ̀ tí a ṣèlérí, nígbà tí epo ṣì ju ìdajì táǹkì lọ. Ẹ ní àwọn ọmọ ń bì, èéfín sì dà yín láàmú nínú yàrá ọkọ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta la máa ń pín epo sí: ìdá kan fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kẹta fún ohun tójú ò rí. Lítà 180 ni táǹkì ọkọ̀ yìí ń gbà. Bí a bá ti jó 60, ibi yòówù kí a dé, àbọ̀ ló kàn. Kì í ṣe pé à ń ṣahun epo. Bí oòrùn bá mú, ilẹ̀ máa ń yára gbóná ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ á gbéra lọ sókè, ti òkun á sì rọ́ wọlé wá gba ipò rẹ̀. Ọ̀sán ló máa ń le jù. Bó bá wá lọ dojú kọ ibi tí omi ń ṣàn bọ̀, ìgbì á ga, á sún mọ́ra, ọkọ̀ á máa lu omi gbì-gbì. Ẹ́ńjìnnì tó jẹ lítà 60 lálọ lè jẹ 80 lábọ̀. Aago kan ọ̀sán lẹ gbéra, àwa la sì fún yín ní àkókò yẹn: àṣìṣe wa ni. Aago méje àárọ̀ ló yẹ ìrìn fàájì.

Àga iwájú lẹ yàn nítorí ìran, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló ń lọ sókè sódò jù. Ẹni tí èébì máa ń gbé lórí omi, àárín sí apá ẹ̀yìn ni kó jókòó, kó tẹjú mọ́ ibi tí ọ̀run ti pàdé òkun, kó gbé fóònù sílẹ̀. Nǹkan bí wákàtí kan ṣáájú ni kó ti lo oògùn. Bí èébì bá ti bẹ̀rẹ̀, ó ti pẹ́. Ẹ béèrè ìwọ̀n ti ọmọdé lọ́wọ́ apoògùn.

Èéfín yẹn ló dùn wá jù. Bí ọkọ̀ bá ń rọra lọ, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí, tí iwájú tì pa, ṣe ni yóò máa fa èéfín ẹ́ńjìnnì padà sínú ara rẹ̀. Gáàsì olóró kan tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide wà nínú rẹ̀, kò láwọ̀, kò ní òórùn, orí fífọ́ àti èébì tó ń fà sì jọ ti ìgbì gan-an. Nítorí náà, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá nínú yàrá, ìta ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ, kí ẹ tó ní òkun ló ń ṣe é. Ó yẹ kí atukọ̀ wa ti ṣí fèrèsé iwájú kí ẹ tó ké. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. A ti kan ẹ̀rọ tó ń ké bí gáàsì náà bá wà mọ́ ògiri yàrá, fèrèsé iwájú kò sì ní tì mọ́ níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́.

Ìrìn àárọ̀ kan wà nílẹ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, títí dé ṣóńṣó ilẹ̀ náà, bí afẹ́fẹ́ bá gbà. Ẹ yan ọjọ́, kí ẹ sì sọ iye ọmọ tí ẹ ń mú bọ̀ àti bí wọ́n ṣe wúwo tó, kí a lè to ẹ̀wù ìléfòó tó bá ara wọn mu sílẹ̀.