Kí ẹ tó ra nǹkan kan sí pálọ̀, ẹ kọ́kọ́ kó nǹkan jáde

Inú àwọn kan lè má dùn sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, àmọ́ ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lẹ́nu. Púpọ̀ nínú wa tó ń kígbe pé owó kò sí láti fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, owó kọ́ ni wàhálà wa. Ẹrù ló pọ̀ jù. Ẹ wo pálọ̀ kékeré tí ènìyàn mẹ́fà máa kún: àga ńláńlá yí gbogbo ògiri ká, tábìlì onígíláàsì wà láàárín, fíríìjì dúró ní kọ̀rọ̀ kan nítorí pé kíṣìnì ò gbà á, òdòdó oníke tí eruku ti pa láwọ̀ dà wà lórí tẹlifíṣọ̀n, kàlẹ́ńdà èṣí ṣì wà lára ògiri, aago ìsìnkú ìyá ẹnìkan tí a ò tilẹ̀ mọ̀ dáadáa sì wà lókè rẹ̀. Bí àlejò bá fẹ́ kọjá, ẹ̀gbẹ́ ló máa fi rìn. Lẹ́yìn náà a óò wá jókòó ti fóònù, a óò máa wo ilé àwọn ẹlòmíràn lórí Instagram, a óò ní, "Áà, ilé yìí mà dára o." Ohun tó dára jù níbẹ̀ ni àyè tó wà láàárín ẹrù kan sí èkejì. Wọn ò rà á lọ́jà.

Ẹ̀bùn òde ìnáwó ló burú jù. Yorùbá fẹ́ràn òde, òde náà sì máa ń tẹ̀ lé wa wálé: ike, abọ́, tírè, ife, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò olóògbé. Èyí tó bá wúlò, kó lọ sí kíṣìnì. Èyí tí kò wúlò, ẹ fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Kò sí ìdí tí bàbá onílé fi gbọ́dọ̀ máa jẹun lójú òkú ẹni tí kò bá tan. Bí ó bá jẹ́ ti bàbá yín gan-an, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ gbé e kọ́, kí ẹ sì gbé e kọ́ dáadáa. Mi ò mọ ẹni tó kọ́ wa láti máa gbé fọ́tò kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àjà, tí a óò fi máa gbójú sókè kí a tó rí ojú ẹni. Bóyá ọ̀wọ̀ ni. Àwọn tó ń pàtẹ iṣẹ́ ọnà máa ń jẹ́ kí àárín àwòrán wà ní nǹkan bíi 145 sí 150 sẹ̀ǹtímítà láti ilẹ̀, níbi tí ojú ẹni tó dúró máa bá a. Ìṣó kan péré ni sísọ̀ ọ́ kalẹ̀ máa ná wa.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí ilé àyágbé, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Mi ò rí ọgbọ́n tó wà nínú kí ayálégbé lọ ṣe POP sí àjà onílé. Lọ́jọ́ tí láńlọ́ọ̀dù bá ní ọmọ òun ń ti Èkó bọ̀, kí ẹ wá ibòmíràn, POP ò ní bá yín gun ọkọ̀. Ó tiẹ̀ lè tìtorí rẹ̀ gbé owó ilé lé ẹni tó máa kó wọlé lẹ́yìn yín. Wọ́ọ̀lùpépà náà ńkọ́? Òjò ọdún kan péré ni. Ògiri tó ń fa omi láti ìsàlẹ̀ kò mọ iye tí ẹ ra bébà. Á ṣí i ní etí, abẹ́ rẹ̀ á sì dúdú. Èmi, bí mi ò bá lè ká nǹkan, kí n tú u, tàbí kí n gbé e sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí mo bá ń kó lọ, mi ò ní ná owó gidi lé e lórí. Ọ̀dà nìkan ni mo yọ sílẹ̀. Garawa ọ̀dà kan tí àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ti ẹfun, tí a fi kun yàrá àti pálọ̀ pa pọ̀, sàn ju kí ògiri kan pupa, kí èkejì jẹ́ àwọ̀ ewé, kí ẹ̀kẹta máa tàn yanranyanran.

Mo tún gbọ́ pé àwọn kan ń yá owó lórí fóònù láti fi ra àga. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n! Abẹ́òkúta níbí ni òwe yẹn ti jáde, ó sì yẹ kí ojú tì wá tí a bá ń san èlé lórí ibi tí a ń jókòó sí.

Bí ẹnìkan bá bi mí pé kí ni òun lè ṣe lálẹ́ òní tí pálọ̀ òun á fi yàtọ̀, gílóòbù ni mo máa kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹ wo ara páálí gílóòbù LED tó wà nílé yín. Bí wọ́n bá kọ 6500K sí i, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á funfun gbòò, á tún ní búlúù díẹ̀ nínú. Irú ìyẹn ló yẹ ṣọ́ọ̀bù àti yàrá iṣẹ́ abẹ. Èyí tí wọ́n kọ 2700K tàbí 3000K sí, tí wọ́n sábà máa ń pè ní "warm white" lára páálí, ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó sì rọ ojú. Iye owó wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ pípọ́n yẹn, àbààwọ́n ara ògiri kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́, awọ ara wa dúdú á sì máa dán. Bí ẹ bá tún lè gbé ìmọ́lẹ̀ kan kúrò ní àjà wá sí kọ̀rọ̀, ẹ ti borí. Àwọn tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Igbá fínfín tí wọ́n bá bá yín lu ihò sí lára á di ìbòrí iná tí ẹnikẹ́ni ò ní irú rẹ̀ ládùúgbò. Gílóòbù LED kì í gbóná tó ti àtijọ́, nítorí náà ẹ̀rù ò bà mí pé igbá á jó.

Aṣọ wá ńkọ́? Abẹ́òkúta ni mò ń gbé, ẹ má bínú bí mo bá ṣe ojúsàájú níbí. Ọjà Ìtòkú wà lọ́dọ̀ wa, àdìrẹ ibẹ̀ sì pọ̀ débi pé ojú á máa ṣe èèyàn fírífírí. Láyé àtijọ́, àwọn ìyá wa máa ń fi ìko di aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, ìyẹn àdìrẹ oníko. Tàbí kí wọ́n fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sí i lára, ìyẹn ẹlẹ́kọ. Inú ewé ẹ̀lú ni aró yẹn ti ń wá. Èyí tó pọ̀ jù lónìí, àbẹ́là yíyọ́ àti aró oníkẹ́míkà ni wọ́n fi ń ṣe é, kò sì burú. Ọnà kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn Dùn: òpó Gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí ní 1929, ni wọ́n yà sínú rẹ̀. Aṣọ tí ìtàn ìlú wà lára rẹ̀ báyìí, a máa rán an ní bùbá, a máa wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì, tí a bá délé a óò wá fi kọ́tìnì tó ń dán bí ìrẹsì tí epo pọ̀ nínú rẹ̀ bo wíńdò. Ṣebí ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ọ̀pá àdìrẹ kan péré tó. Ẹ ní kí kápẹ́ńtà kan igi pẹlẹbẹ mẹ́rin pọ̀ fún yín, ẹ na àdìrẹ lé e lórí, kí ẹ fi ìṣó kéékèèké kàn án láti ẹ̀yìn. Ó ti di àwòrán ńlá fún ògiri nìyẹn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, télọ̀ á fi ṣe àpò tìmùtìmù méjì. Bí ẹ bá fẹ́ fi ṣe kọ́tìnì, ẹ jẹ́ kí télọ̀ rán aṣọ funfun mọ́ ọn lẹ́yìn, torí oòrùn ọ̀sán ò mojú aró. Kí ẹ sì la ojú yín o: èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè ti kún ọjà. Ẹ yí i padà. Èyí tí wọ́n fọwọ́ ṣe, aró rẹ̀ máa wọ ẹ̀yìn dáadáa, ọnà kan ò sì ní bá èkejì mu rẹ́gí. Ti ẹ̀rọ, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣì, gbogbo ọnà rẹ̀ á sì rí bákan náà.

Ẹni tí àdìrẹ ò bá wù, òkìríkà wà. Mo mọ àwọn tó ń ti ìhín lọ sí Kàtáńgúà l'Ékòó nítorí kọ́tìnì nìkan. Aṣọ òwú tó nípọn, tí ẹ ò lè rí irú rẹ̀ rà ní tuntun, wà nínú bélì wọn. Ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ sá a sí oòrùn. Ibi tí ẹ bá ti fi í kọ́ wá ṣe pàtàkì ju iye tí ẹ rà á lọ: ẹ gbé irin rẹ̀ sún mọ́ àjà, ẹ jẹ́ kó gùn kọjá etí wíńdò lọ́tùn-ún lósì, kí aṣọ náà sì kan ilẹ̀. Yàrá á ga lójú.

Àga àtijọ́ tí wọ́n kó sí ẹ̀yìnkùlé ìyá yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi dáná. Ìrókò tàbí ọ̀gànwó ni egungun púpọ̀ nínú wọn. Ohun tí wọ́n ń tà fún wa lónìí pẹ̀lú àwọ̀ tó ń dán, ìyẹ̀fun igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ni; bí omi bá dà sí i lẹ́ẹ̀kan, á wú, ìṣó á sì jábọ́. Fómù tuntun àti aṣọ tuntun lórí àga ìyá yín máa pẹ́ ju ìyẹn lọ. Fómù nìkan ni mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni ra èyí tí kò dára, nítorí ìbàdí ò gba ẹ̀tàn.

Àlòkù kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣì láàárín wa. Ní Ilé-Ifẹ̀, àpáàdì ni wọ́n tò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀, iṣẹ́ náà sì ti lé ní 500 ọdún. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó gorí oyè, ló pàṣẹ rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kan ẹrẹ̀. Ìkòkò fífọ́ ni oge ọba! Táìsì fífọ́ tí àwọn oníṣòwò ń kó jọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ kan náà ló lè ṣe. Ẹ tò ó sórí pákó, ẹ fi símẹ́ǹtì funfun dí àárín rẹ̀, ẹ ti ní tábìlì kékeré tó ṣeé gbé lọ.

Ní ti òdòdó oníke tí mo bú lẹ́ẹ̀kan, pèrègún ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ gé igi rẹ̀ níbi ọgbà ẹnìkan, ẹ gbìn ín sínú ìkòkò amọ̀ tó ní ihò nídìí, á hù. Inú ilé kì í ṣe é ní nǹkan kan. Mo mọ̀ pé ìyá àdúgbò kan á béèrè bóyá ẹ ti ń bọ òrìṣà. Ẹ sọ fún un pé àwọn òyìnbó ń fi owó gidi ra pèrègún yìí kan náà sínú pálọ̀ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò ní gbà yín gbọ́.

Ohun tó ń bí mi nínú ni kí a wá máa fi orúkọ pé owó ò sí rẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ jẹ. Ẹni tó san iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹrù ní súpámákẹ́ẹ̀tì láì sọ̀rọ̀, ló dé Ìtòkú tó ń dá aláró dúró lóòrùn, tó ń bu ìdajì nínú ìdajì. Aṣọ funfun wọ́n, aró wọ́n, gáàsì tí wọ́n fi ń yọ́ àbẹ́là náà wọ́n. Bí agbára mi ò bá ká ọ̀pá márùn-ún, méjì ni mo máa bèèrè.

Ní báyìí, ẹní ni mò ń wá. Ẹní ìbílẹ̀ gidi tí wọ́n fọwọ́ hun, kì í ṣe oníke, tó fẹ̀ tó láti bo àárín pálọ̀, kí n lè gbé rọ́ọ̀gì onírun yìí kúrò kí ikọ́ má pa wá. Ẹni tó bá mọ ẹni tó ń hun ún ní agbègbè Abẹ́òkúta tàbí Ìsẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe ọ̀nà fún mi.