Iṣan tó já kò tíì kú

Àbúrò mi, káfíńtà ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nítòsí Ẹrẹ́jà níbí ní Iléṣà. Ọjọ́ tí gíláàsì gé e lọ́rùn-ọwọ́ tí àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá rẹ̀ kò mọ nǹkan mọ́, ohun tí gbogbo ẹni tó wá kí i ń sọ ni pé, “Iṣan ti já, ọwọ́ yẹn ti lọ nìyẹn.” Irọ́ ni.

Iṣan tí mò ń wí kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ o, èyí tó ń jíṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti ìka ni. Ní 1850, Augustus Waller, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì, gé iṣan ahọ́n àkèré, ó sì rí i pé apá ìsàlẹ̀ tó já ló ń jẹrà. Èyí tó kù lókè ò kú. Ara á palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì Schwann tó wé mọ́ iṣan á tò bí ojú ọ̀nà, iṣan òkè á sì máa hù gba ibẹ̀ lọ, nǹkan bíi mìlímítà 1 lóòjọ́. Láti ọrùn-ọwọ́ dé orí ìka, ẹ ka oṣù mẹ́fà, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Dókítà rán iṣan náà. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pabo. Lọ́jọ́ kan ni ìka rẹ̀ kan ìkòkò gbígbóná, kò mọ̀, àfi ìgbà tó gbóòórùn awọ tó ń jó. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó yá, tí mo bá fi ìka gbá ojú àpá náà pẹ́pẹ́, á ní ó ń ta òun bí ìgbà tí iná mànàmáná bá gbé èèyàn. Àwọn ará ilé ní àìsàn ló ń wọ inú lọ. Rárá o! Orí iṣan tó ń hù ló ń dáhùn. Jules Tinel, dókítà ará Faransé, ti kọ̀wé nípa àmì yìí ní 1915. Mo ń fi báírò fa ìlà síbi tó ti ń ta á. Kó tó tó oṣù méjì, ìlà ti wọ àtẹ́lẹwọ́.

Ìdádúró ló ń ba ọwọ́ jẹ́. Iṣan tó já pátápátá, ó ṣòro kí ẹnu rẹ̀ méjèèjì tó bára wọn láìjẹ́ pé wọ́n rán an. Ẹran ara tí iṣan kò bá sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún bí ọdún kan àbọ̀ á ti rù, kò ní fẹ́ jí mọ́. Ti ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn yàtọ̀, iṣan ibẹ̀ kì í sábà hù padà, mi ò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ìka àbúrò mi kò tíì rí bíi ti tẹ́lẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ yìí, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fi àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá ṣa ìṣó jáde láàárín owó wẹ́wẹ́, kò wò ó.