Kíláàsì DUI kì í ṣe owó ìjẹ lásán, ẹ yé tan ara yín jẹ

Níbi ìkómọ kan ní Inglewood lọ́jọ́ Sátidé, bọ̀dá kan tún gbé e dé. Ó ní kíláàsì DUI, ìyẹn èyí tí California ń ní káwọn tó mutí wakọ̀ lọ ṣe kí wọ́n tó lè rí láísẹ́ǹsì ibi iṣẹ́ gbà, owó lásán ni wọ́n fi ń gbà lọ́wọ́ èèyàn, kò sẹ́ni tó ń yí padà níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ló yẹ wọ́n. Gbogbo àwọn tó jókòó tì í ń mi orí sí i, bẹ́ẹ̀ ọmọkùnrin tó ń gbà nímọ̀ràn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú òun náà ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi jàre.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ nǹkan tá à ń sọ ná. Tí wọ́n bá mú ẹ lẹ́ẹ̀kan àkọ́kọ́, tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ ẹ tó 0.08%, DMV, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó láísẹ́ǹsì awakọ̀, á gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì ẹ fún oṣù 4. Tí ọjọ́ 30 bá pé, o lè tọrọ èyí tó láàlà, tó jẹ́ ibi iṣẹ́ àti kíláàsì nìkan lo lè wakọ̀ lọ, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ rí ẹ̀rí pé o ti forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì, kí ilé iṣẹ́ ínṣọ́ránsì ẹ fi SR-22, ìwé tó fi hàn pé o ní ínṣọ́ránsì, ránṣẹ́, kó o sì san $125. Oṣù 3 ni kíláàsì ọ̀hún, wákàtí 30. Tọ́tí náà bá tó 0.20, ó di oṣù 9. Ẹni tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, oṣù 18 gbáko.

Ṣé ó wá ń ṣiṣẹ́? Ní 1997, David DeYoung tó ń ṣèwádìí fún DMV California fúnra wọn gbé àbájáde kan síta. Ó wo irú ìyà tí wọ́n fi jẹ àwọn tó mutí wakọ̀, ó wá wo àwọn tí wọ́n tún mú. Àwọn tó lọ kíláàsì, tí wọ́n tún fi ààlà sí láísẹ́ǹsì wọn tàbí gbà á lọ́wọ́ wọn fúngbà díẹ̀, àwọn ni wọn ò fi bẹ́ẹ̀ rí mú mọ́, ì báà jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ wọn tàbí ẹni tó ti ṣe é rí. Ẹ̀wọ̀n tí ẹ̀ ń pariwo ẹ̀ yẹn ò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, ní 1995, Elisabeth Wells-Parker àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kó ìwádìí 215 jọ, wọ́n rí i pé ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ń dín bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀ṣẹ̀ yìí dá kù ní nǹkan bíi 7 sí 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá ní ìyẹn kéré, èèyàn 13,524 ni jàǹbá awakọ̀ tó mutí pa ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2022 nìkan.

Ó dáa, kì í ṣe gègé ni wọ́n ṣẹ́ láti pín wọn sí kíláàsì àti ẹ̀wọ̀n ní California, ẹ lè ní àwọn tó lọ kíláàsì ti sàn ju àwọn yòókù lọ tẹ́lẹ̀. Mo gbọ́. Ẹ gbé èyí tó fi hàn pé ẹ̀wọ̀n dáa jù wá ká rí i.

Àbúrò mi ọkùnrin ṣe ti oṣù 3, èmi ni mò ń gbé e lọ kó tó di pé ìwé ẹ̀ jáde. Ìgò méjì péré lòún mu, ohun tó máa ń sọ nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó dé láti kíláàsì, ó jókòó sí kíṣìnì mi, ó ń ṣírò lẹ́yìn rìsíìtì. Wọ́n ti kọ́ wọn pé gíráàmù 14 ọtí gidi ni wọ́n ń kà sí ẹyọ kan, bíi agolo bíà kékeré kan báyìí. Odékú tiwa, 60cl tó jẹ́ 7.5%, nǹkan bíi gíráàmù 35 ló wà nínú ẹ̀, ìyẹn ẹyọ méjì ààbọ̀ nínú ìgò kan ṣoṣo. Ìgò méjì rẹ̀ ti di márùn-ún. Ara sì máa ń yọ bíi 0.015 ní wákàtí kan, ẹni tó bá wà ní 0.15 á lò tó wákàtí 10 kó tó dá ṣáká, kọfí ò lè mú un yá, ata inú pẹ́pẹ́ súùpù ò lè mú un yá. Ó wojú mi, kò sọ nǹkan kan. Látìgbà yẹn tá a bá ti ń lọ òde, ọwọ́ ìyàwó ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ń wà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ó wọ́n, lóòótọ́ ó wọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹnì kan tó ṣe kíláàsì tó tún padà sídìí ẹ̀, èmi náà mọ ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n dé tó tún padà. Kí wọ́n gba láísẹ́ǹsì pátápátá ńkọ́? Ẹni tó ń gbé Palmdale lọ́hùn-ún tó jìnnà, tó ń ṣiṣẹ́ ní Los Angeles, tó lọ́mọ mẹ́ta, ṣé ẹ rò pé á jókòó sílé ni? Á wakọ̀, láìní láísẹ́ǹsì, láìní ínṣọ́ránsì, tó bá wá kọlu mọ́tò yín ta ló máa san án? Èyí tó wà nínú kíláàsì, wọ́n ń rí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó bá pa kíláàsì tì wọ́n á kọ̀wé sí DMV, láísẹ́ǹsì á tún bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọmọkùnrin ọjọ́ Sátidé yẹn, tó o bá rí èyí: ọjọ́ 10 péré lo ní látọjọ́ tí wọ́n mú ẹ láti fi ní kí DMV gbọ́ ẹjọ́ ẹ. Èyí tí ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí ni kó o forúkọ sí o, torí àwọn kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n á gbowó ẹ tí DMV ò ní gba ìwé wọn.