Ẹ̀jẹ̀ tó dànù kò kó cholesterol lọ

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹnìkan tún pè mí pé bàbá òun tí mọ́tò gbá ti bọ́ lọ́wọ́ cholesterol, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, nítorí àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún wọn ní wọ́ọ̀dù fi hàn pé ó ti wálẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tó dànù ló gbé ọ̀rá náà jáde, àwọn sì ti dá oògùn bàbá dúró.

Rárá o! Ọ̀kan náà ni ẹ̀jẹ̀ tó jáde àti èyí tó kù lára. Tẹ́ ẹ bá bu ọbẹ̀ díẹ̀ kúrò nínú ìkòkò, ṣé epo á wá fúyẹ́ nínú èyí tó kù ni? Àfi tí omi bá là á. Bẹ́ẹ̀ ló rí: tí ẹ̀jẹ̀ bá dànù púpọ̀, omi inú ẹran ara á wọnú iṣan ẹ̀jẹ̀, dókítà á tún fa dírípù sí i.

Omi nìkan sì kọ́. Jàǹbá ọkọ̀, iná tó jó ni gan-an, iṣẹ́ abẹ ńlá, gbogbo wọn ń mú kí ara tú àwọn kẹ́míkà bí interleukin-6 sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ tó ń ṣe púpọ̀ nínú cholesterol wa á kọjú sí àwọn èròjà tí ara fi ń gbèjà ara rẹ̀. Àwọn ẹṣẹ́ kékeré méjì tó wà lórí kíndìnrín á máa fa cholesterol láti fi ṣe cortisol, tí kì í jẹ́ kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun tó ń dí ojú ọgbẹ́ náà ń fẹ́ tiwọn. LDL àti HDL, àwọn tó ń gbé cholesterol kiri nínú ẹ̀jẹ̀, á wálẹ̀, nígbà mìíràn láàárín ọjọ́ kan péré. Triglyceride, oríṣi ọ̀rá mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀, ńkọ́? Òun tiẹ̀ lè gòkè! Tó bá jẹ́ pé ọ̀rá ṣàn dànù ni, ibo ni ìyẹn ti wá?

Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì láàárín àwọn tó fara pa. Àwọn tí cholesterol wọn wálẹ̀ tí kò gbérí mọ́ ni ẹ̀rù wọn máa ń bà wá. Tẹni tó ń gbádùn máa ń gòkè padà. Lóòótọ́, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá àìtó rẹ̀ ló ń ṣe wọ́n ní jàǹbá àbí àmì lásán ni, àmọ́ kò sí èyí tó jẹ́ ìwòsàn níbẹ̀. Àwọn tó ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ kí ọ̀rá lè jáde, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ẹ má dá statin, oògùn tó ń mú cholesterol wálẹ̀, dúró láìgbọ́ tẹnu dókítà. Ẹ jẹ́ kí ara aláìsàn kọ́kọ́ balẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kẹ́ ẹ tó tún lọ yẹ cholesterol wò ní láàbù.