Ìrẹsì nìkan kọ́ lọmọ nílò
Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìrẹsì àti ẹní tí wọ́n pín fún àwọn tí omi lé kúrò nílé ní Mokwa, ní ìpínlẹ̀ Niger, lóṣù karùn-ún 2025. Àmọ́ ta ló bi àwọn ọmọ léèrè ohun tójú wọn rí?

Maiduguri là ń gbé nígbà tí dáàmù Alau ya lóṣù kẹsàn-án 2024, tómi sì ya wọ ìlú. Ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ṣú báyìí, á gbé bàtà rẹ̀ sórí tábìlì, á wá jókòó tì mí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé, ohun tó ti fi sílẹ̀ tipẹ́. Àǹtí mi ní kí n nà án (àwọn àgbà wa náà!). Mi ò nà án. A jọ ń ṣa ẹ̀wà, a jọ ń sùn, mo sì ń dá a lóhùn ní gbogbo ìgbà tó bá bi mí pé, "Màámi, ṣé omi yẹn ti lọ?" Ìgbà tí iléèwé wọlé padà, tó rí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, lara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Bàtà yẹn ṣì ń gun orí tábìlì ṣá.